Ìlapa Èrò àti Ipò Rẹ̀ nínú Kíkọ Àròkọ àti Àpilẹ̀kọ

1. Ìfáárà

Ohun kan wà tí àwa olùkọ́ èdè Yorùbá máa ń bá pàdé nígbàkúùgbà tí a bá ń yẹ ìwé ìdánwò wò. A ó rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, tí òwe kún ẹnu rẹ̀, tí ó sì mọ ohun púpọ̀ nípa orí-ọ̀rọ̀ tí a fún un, ṣùgbọ́n tí àròkọ rẹ̀ kò lórí, tí kò sì nídìí. Ohun tí ó sọ ní ìpínrọ̀ kejì ni ó tún fi ẹnu mìíràn sọ ní ìpínrọ̀ karùn-ún. Kókó tí ó yẹ kí ó gbé gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ró, ìparí ìwé ni a ti máa ń bá a, nígbà tí àsìkò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, gbólóhùn kan péré ni ó sì rí ààyè fún un. Bí a bá fún irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ní máàkì tí ó tọ́ sí ohun tí ó kọ, yóò dà bí ẹni pé kò mọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó mọ̀ ọ́n. Ètò ni kò ṣe.

Bí a bá bi í léèrè pé kí ni kò jẹ́ kí ó la ipa èrò rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, èsì méjì ni a sábà máa ń gbọ́. Èkíní ni pé àsìkò kò tó. Èkejì ni pé Yorùbá ni èdè abínibí òun, pé kò sí ohun tí òun fẹ́ máa ṣe ètò sí nínú èdè tí òun ti ń sọ láti kékeré. Èsì kejì yìí ni ó léwu jù. Ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ ni èrò pé èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó yẹ kí ènìyàn fi làákàyè kọ, pé Yorùbá yóò máa ti ẹnu wá fúnra rẹ̀. Bí àwa tí a ń kọ́ni ní èdè yìí bá gba irú èrò bẹ́ẹ̀ láàyè, a kò ní ẹnu láti bá ẹni tí ó bá sọ pé Yorùbá kì í ṣe èdè ìmọ̀ jà.

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ìlapa èrò jẹ́. Lẹ́yìn náà ni a ó fi hàn pé ètò ṣíṣe kì í ṣe àjèjì nínú ọ̀rọ̀ àbáláyé Yorùbá. A ó wá fi orí-ọ̀rọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ, kí ó lè hàn gbangba pé ìyàtọ̀ wà láàrin ìlapa èrò àti àkójọ orí-ọ̀rọ̀ lásán. Ohun tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìlapa èrò ni ibi tí òǹkọ̀wé ti ń ṣe ìpinnu nípa ohun tí ó fẹ́ sọ, àti pé ẹni tí kò bá ṣe ìpinnu náà níbẹ̀ yóò máa wá a kiri nínú iṣẹ́ rẹ̀ títí tí yóò fi parí.

2. Ohun tí ìlapa èrò jẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún irú ìwé kíkọ yìí gan-an ti sọ ọ̀nà tí ó yẹ kí a gbà kọ ọ́. Àròkọ ni ohun tí a rò, tí a sì kọ. 'Rò' ni ó ṣáájú, 'kọ' ni ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kọ, kí ó tó máa ro ohun tí ó ti kọ, ti dojú ọ̀rọ̀ náà délẹ̀.

Bákan náà ni ó rí pẹ̀lú ìlapa èrò. Là àti ipa ni a pa pọ̀. Bí àgbẹ̀ bá dé inú igbó tí ó fẹ́ fi ṣe oko, kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ́kọ́ tẹ̀. Yóò wo ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́, ibi tí omi máa ń dúró sí, àti ibi tí ọ̀nà yóò gbà kọjá. Ìgbà tí ó bá ti la ipa tán ni ọkọ́ tó kan ilẹ̀. Ipa tí ó là yìí kò ì tíì di oko, kò sì sí ẹni tí yóò jẹ iṣu níbẹ̀. Síbẹ̀, òun ni yóò sọ bí oko náà yóò ṣe rí. Bẹ́ẹ̀ ni ìlapa èrò rí. Kì í ṣe àròkọ, ẹni tí yóò ka iṣẹ́ náà lè má rí i rárá, ṣùgbọ́n òun ni ó ń sọ ohun tí yóò ṣáájú, ohun tí yóò tẹ̀ lé e, àti ohun tí kò ní í sí níbẹ̀ rárá.

Àwọn ahunṣọ òkè mọ èyí dáadáa. Nígbà tí wọ́n bá ń ta òwú ni wọ́n ti ń pinnu àwọ̀ tí yóò wà ní etí aṣọ, èyí tí yóò wà láàrin, àti bí ìlà kọ̀ọ̀kan yóò ṣe fẹ̀ tó. Bí òwú bá ti wà lórí òfì, tí wíwun sì ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé àwọ̀ aró ni ó yẹ kí ó wà láàrin ti pẹ́ jù. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

3. Ètò nínú ọ̀rọ̀ àbáláyé

Àwọn kan lè rò pé ilé-ìwé ni ó mú irú ètò yìí wá, àti pé ọ̀rọ̀ ẹnu Yorùbá kò ní irú rẹ̀. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹsẹ Ifá. Nínú iṣẹ́ tí Wándé Abímbọ́lá tẹ̀ jáde ní 1976, ó ṣàlàyé pé ẹsẹ Ifá tí ó bá pé lè ní ìpín mẹ́jọ. Àkọ́kọ́ ni orúkọ àwọn babaláwo tí ó dífá. Èkejì ni ẹni tí a dífá fún. Ẹ̀kẹta ni ìdí tí a fi dífá fún un. Ẹ̀kẹrin ni ohun tí a ní kí ó ṣe. Ìkarùn-ún ni bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é. Ìkẹfà ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i. Ìkeje ni bí ohun náà ṣe rí lára rẹ̀. Ìkẹjọ sì ni ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn náà. Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ ni ó máa ń ní ìpín mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ṣùgbọ́n ètò náà wà. Babaláwo tí ó ń kọ́ Ifá kò kọ́ ọ̀rọ̀ nìkan. Ó kọ́ ipa tí ọ̀rọ̀ ń tọ̀. Láìsí ipa náà, agbára káká ni ènìyàn yóò fi lè kó irú ìmọ̀ tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sórí, kí ó sì máa rí i lò nígbà tí ó bá nílò rẹ̀.

Kò tilẹ̀ di inú Ifá. Bí ẹbí bá pé jọ láti parí ìjà, ẹ wo bí àgbàlagbà tí ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ ṣe ń ṣe. Kì í tètè sọ̀rọ̀. Bí ó bá sì dìde, yóò ní, 'Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo ní í sọ.' Yóò ka ìkíní, yóò ṣe é dópin. Yóò ka ìkejì. Ìkẹta ni yóò fi ẹ̀bẹ̀ sí, nítorí ó mọ̀ pé ohun tí a gbọ́ kẹ́yìn ni ó máa ń pẹ́ létí. Gbogbo ìgbà tí ó fi dákẹ́, ipa ni ó ń là. A kò rí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlapa èrò wà ní orí ìka rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sọ pé èdè abínibí kò nílò ètò kò wo àwọn tí ó gbọ́ èdè náà jù lẹ́nu.

4. Àkójọ orí-ọ̀rọ̀ kì í ṣe ìlapa èrò

Ẹ jẹ́ kí a wá fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Ká ní a fún akẹ́kọ̀ọ́ ní orí-ọ̀rọ̀ yìí: 'Èdè abínibí ni ó yẹ kí a máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.' Àròkọ alárìíyànjiyàn ni. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a máa ń rí gẹ́gẹ́ bí ìlapa èrò rèé:

(i) Ìfáárà
(ii) Ìtumọ̀ èdè abínibí
(iii) Àǹfààní èdè abínibí
(iv) Àléébù rẹ̀
(v) Ìkádìí

Kí ni a mọ̀ nípa èrò akẹ́kọ̀ọ́ yìí? A kò mọ nǹkan kan. Bí a bá yọ 'èdè abínibí' kúrò, tí a fi 'ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀' tàbí 'ilé gbígbé ní ìlú ńlá' sí i, ìlapa náà yóò ṣì dúró bí ó ṣe wà. Ìlapa tí ó bá lè bá gbogbo orí-ọ̀rọ̀ mu kò bá ọ̀kankan mu. Orúkọ àpótí ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí kọ sílẹ̀. Kò tíì sọ ohun tí yóò kó sínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà mìíràn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ́kọ́ kọ gbogbo ohun tí ó mọ̀ sílẹ̀ wúruwùru, láì ṣe ètò kankan. Ó lè rántí pé ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá léwájú nínú rẹ̀. Pé èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì í kọ́ni sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Pé ìwádìí náà fi hàn pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó lè rántí pé Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè ti 1977 fi ààyè gba èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Pé ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a lò ó fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àti pé ní 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti wọ́gi lé ìlànà náà. Ó lè rántí pé èdè orílẹ̀-èdè yìí pọ̀, pé ọmọ ìlú ńlá kan lè má gbọ́ èdè àdúgbò tí ó ń gbé, pé ìwé kò tó, àti pé àwọn òbí fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Gbogbo èyí jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá kọ wọ́n bí ó ṣe rántí wọn, ìtàn ni yóò sọ, kò ní í jiyàn. Ohun tí ó kù ni kí ó bi ara rẹ̀ léèrè pé, 'Nínú gbogbo èyí, èwo ni ó fi hàn pé òótọ́ ni mo ń sọ? Èwo ni alátakò mi yóò dì mú?' Nígbà náà ni ìlapa èrò rẹ̀ lè rí báyìí:

(i) Ọmọ kì í lè kọ́ ìmọ̀ tuntun àti èdè tuntun pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìsí pé ọ̀kan ṣe ìpalára fún èkejì.
(ii) Iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970 fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò pàdánù Gẹ̀ẹ́sì.
(iii) Àwọn kan lè sọ pé olùkọ́ tí ó dáńgájíá ni ó ran àwọn ọmọ náà lọ́wọ́, kì í ṣe èdè; ṣùgbọ́n èyí fi hàn pé olùkọ́ ni ó yẹ kí a wá, kì í ṣe pé kí a pa èdè tì.
(iv) Òótọ́ ni pé èdè pọ̀ àti pé ìwé kò tó. Ìṣòro ètò ni èyí, kì í ṣe àbùkù èdè.
(v) Láti 1977 títí di 2025 ni ìlànà ìjọba ti ń yí padà. Ọmọ tí ó wà ní kíláàsì ni ó ń jìyà àyípadà náà.

Ẹni tí ó bá ka ìlapa yìí lè fara mọ́ ọn tàbí kí ó takò ó. Èyí gan-an ni àmì pé èrò wà nínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé gbólóhùn ni ohun kọ̀ọ̀kan tí ó wà níbẹ̀. Gbólóhùn a máa fipá mú òǹkọ̀wé láti sọ ohun kan nípa ohun kan. Bí gbólóhùn méjì bá ń sọ ohun kan náà, yóò hàn kíákíá. Bí ọ̀kan bá sì ta ko èkejì, òǹkọ̀wé yóò rí i nígbà tí àtúnṣe kò tíì ná an ju ìlà kan lọ. Ẹ tún kíyè sí i pé ètò tí ó wà nínú ìlapa kejì kì í ṣe ti àsìkò. Bí àròkọ bá jẹ́ oníròyìn, bí ohun ṣe ṣẹlẹ̀ tẹ̀léra ni ó yẹ kí a tọ̀. Bí ó bá jẹ́ aṣàpèjúwe, bí ojú ṣe ń rí ohun náà láti ibì kan dé ibòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ alárìíyànjiyàn, ìwọ̀n ẹ̀rí ni ó yẹ kí ó darí wa.

5. Èdè tí a fi ń la ipa èrò

Kókó kan wà tí ó kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń kọ́ni ní àròkọ kò lè sọ fún wa. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì la ipa èrò tí wọ́n fẹ́ fi Yorùbá kọ. Wọ́n lè má mọ̀ pé ó ń ṣe ìjàǹbá fún àwọn. Ṣùgbọ́n bí ìlapa bá ti jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò di iṣẹ́ ògbufọ̀. Bí a ṣe ń to gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ni yóò to ti Yorùbá. Òwe tí ó yẹ kí ó gbé kókó náà ró kò ní í wá sí ọkàn, nítorí pé kì í ṣe èdè òwe náà ni ó fi ronú.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi Yorùbá lapa, ọ̀rọ̀ Yorùbá ni yóò pe ọ̀rọ̀ Yorùbá wá. Ẹni tí ó kọ 'ìyà ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń wí' sínú ìlapa rẹ̀ ti ní àwòrán kan lọ́kàn, ìpínrọ̀ yóò sì jáde láti inú àwòrán náà. Níbi tí ọ̀rọ̀-ìperí bá ti ṣòro, inú ìlapa ni ó ti yẹ kí a wá a, kí a sì yan ọ̀kan tí a ó máa lò délẹ̀, kí a má baà pe ohun kan ní orúkọ mẹ́ta nínú iṣẹ́ kan.

6. Ìlapa èrò nínú àpilẹ̀kọ

Bí àìlapa èrò bá lè ba àròkọ olójú ewé méjì jẹ́, ohun tí ó ń ṣe fún àpilẹ̀kọ oyè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí a ṣe alábòójútó fún, tí ó ń kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá lórí oríkì níbi ayẹyẹ ìgbéyàwó. Ó ti kọ orí mẹ́rin kí ó tó wá rí wa. Orí kẹta dá lórí ìwúlò oríkì. Orí kẹrin dá lórí ipa tí oríkì ń kó. Nígbà tí a ka méjèèjì, ohun kan náà ni a bá níbẹ̀. Ó ti lo oṣù púpọ̀ láti kó ohùn àwọn akéwì jọ, iṣẹ́ náà sì dára. Ṣùgbọ́n kò ní ìbéèrè tí ó fẹ́ dáhùn.

A ní kí ó pa ìwé náà dé, kí ó mú tákàdá kan ṣoṣo, kí ó sì kọ gbólóhùn kan péré fún orí kọ̀ọ̀kan. Ó jókòó fún bíi wákàtí kan kí ó tó lè kọ ti orí kẹrin. Ohun tí ó kọ níkẹyìn ni pé àwọn akéwì tí òun gba ohùn wọn sílẹ̀ ń gé oríkì orílẹ̀ kúrú nígbà tí ìlù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn bá gba ojú agbo. Ohun tuntun nìyẹn! Ó wà nínú ohùn tí ó gbà sílẹ̀ láti ìgbà yìí wá, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ó ti sọ ọ́ nínú gbogbo ohun tí ó ti kọ. Ó da orí kẹta àti ìkẹrin pọ̀, ó sì kọ orí kẹrin mìíràn. Ohun tí ó dùn wá ni pé ó yẹ kí àwa náà ti béèrè tákàdá ojú ewé kan yìí lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan.

7. Ǹjẹ́ ìlapa èrò kò ní í de òǹkọ̀wé lọ́wọ́?

Àwọn kan máa ń sọ pé ìlapa èrò a máa pa ìmísí, pé eré-onítàn, ewì àti ìtàn-àròsọ kì í ṣe ohun tí a ń là sílẹ̀. A gbà pé ewì lè ti inú gbólóhùn kan ṣoṣo hù jáde, àti pé òǹkọ̀wé ìtàn-àròsọ lè jẹ́ kí ẹ̀dá ìtàn mú òun lọ síbi tí òun kò rò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìtàn ọ̀daràn irú èyí tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ nínú Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971). Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún òǹkàwé, tí a sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ni adùn rẹ̀. A kò lè fi ohun tí a kò tíì mọ̀ pamọ́ fún ẹlòmíràn.

Ní ti àròkọ àti àpilẹ̀kọ, ìlapa kì í ṣe òfin tí kò ṣeé yí padà. Bí àgbẹ̀ bá bá àpáta pàdé lójú ipa tí ó là, yóò yà. Kò ní í máa fi ọkọ́ gbẹ́ àpáta. Bí èrò tuntun bá jáde nígbà tí a ń kọ̀wé, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìlapa, kí a wò ó bóyá èrò náà ní àyè níbẹ̀. Bí ó bá ní, kí a tún ìlapa ṣe. Bí kò bá ní, kí a kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan fún iṣẹ́ mìíràn.

8. Ìmọ̀ràn fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́

Èkíní, bí ìdánwò bá fún wa ní ìṣẹ́jú márùnlélógójì fún àròkọ kan, kí a má ṣe kábàámọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje tí a bá fi la ipa èrò. Àsìkò tí a fi pa ìpínrọ̀ méjì rẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkejì, kí olùkọ́ máa gba ìlapa èrò wò kí ó tó gba àròkọ, kí ó sì dá a padà bí ó bá jẹ́ orúkọ àpótí ni ó kún inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń kọ àròkọ tán kí wọ́n tó fa ìlapa yọ nínú rẹ̀ nítorí máàkì. Bí a bá gbà á ní ọjọ́ méjì ṣáájú, àṣà yìí yóò dín kù.

Ẹ̀kẹta, fífa ìlapa yọ lẹ́yìn tí a ti kọ iṣẹ́ tán ní àǹfààní tirẹ̀, bí a kò bá fi tan ara wa jẹ. Bí a bá kọ gbólóhùn kan tí ó kó ìtumọ̀ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan já sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, ìpínrọ̀ tí kò bá ní gbólóhùn ni èyí tí kò sọ nǹkan kan. Olùkọ́ pàápàá lè fi ọ̀nà yìí yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò, kí ó lè fi ibi tí ọ̀nà ti wọ́ hàn án, dípò kí ó kàn kọ 'kò létò' sí ìsàlẹ̀ ìwé rẹ̀.

9. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìlapa èrò kì í ṣe ẹrù tí ilé-ìwé dì lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí. Ó wà nínú ẹsẹ Ifá, ó wà lórí ìka àgbàlagbà tí ó ń ka ọ̀rọ̀, ó sì wà nínú orúkọ tí àròkọ ń jẹ́. A ti sọ pé gbólóhùn ni ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀, kí ó lè hàn pé òǹkọ̀wé ti ṣe ìpinnu, àti pé èdè tí a fẹ́ fi kọ iṣẹ́ ni ó yẹ kí a fi là á. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a mẹ́nu bà ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, tí ó mọ nǹkan ṣùgbọ́n tí kò yege, kò nílò ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ sí i. Tákàdá kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó nílò, pẹ̀lú olùkọ́ tí yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, 'Kí ni o fẹ́ sọ?' kí ó tó béèrè pé, 'Ṣé o ti kọ ọ́ tán?'